Ìgbín inú kùkúńbà òkun kì í ṣe ọmọ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní ẹnu gáréèjì wa ní Abẹ́òkúta níbí, n kì í sì í kọ lẹ́tà. Bí mo bá ka ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa ń sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Èyí tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè panu mọ́. Lójú ewé tí ẹ máa ń kọ ìròyìn kàyéfì sí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹranko kan wà nínú òkun tó ń bí ìgbín. Ẹ ní kùkúńbà òkun ló ń jẹ́, pé ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan ló la inú rẹ̀ tó bá àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ níbẹ̀, àti pé ìyẹn ti tó láti fi mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹ̀dá kan kò lè bí.

Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án kan máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún lẹ́sìnnì. Títíṣà bàọ́lọ́jì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí bí mo ṣe lè jókòó sílé kí n máa wo ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gé ojú ewé yín, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé rẹ̀, ó sì ya àwòrán sí abẹ́ rẹ̀: kùkúńbà tútù, irú èyí tí wọ́n ń gé sínú sàláàdì, tí ìgbín ń yọrí jáde lára rẹ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà náà lè bí i?"

Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ èso sílẹ̀ láì sọ pé ẹranko ni. Ẹranko ni o. Ìbátan ìràwọ̀ òkun ni. Ó gùn gbọọrọ, ó rọ̀, kò lójú, kò ní ọpọlọ. Ìsàlẹ̀ òkun ló ń wọ́ káàkiri, tó ń kó iyanrìn àti ẹrẹ̀ sẹ́nu, tó ń jẹ ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀, tó sì ń ya iyanrìn tó ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ihò ìdí ni wọ́n fi ń mí: wọ́n á fa omi wọlé níbẹ̀, wọ́n á sì tún tú u jáde. Bí nǹkan bá sì kan òmíràn nínú wọn lára ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè pọ gbogbo ìfun rẹ̀ síta, kó sì hu òmíràn tó bá yá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti ìfun pípọ̀ yìí sọ́kàn, màá padà sórí rẹ̀.

Mo fojú ara mi rí ọ̀kan rí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Inú ìgò fómálíìnì ló wà. Olùkọ́ wa gbé e sórí àwo, ó fi abẹ là á láti ẹnu dé ìdí. Awọ rẹ̀ ki bíi pọ̀nmọ́ tí kò tíì jinná. Mo rò pé inú rẹ̀ á kún bí inú ẹja, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo: ìfun kan péré tó lọ sísàlẹ̀, tó tún padà wá sókè, tó tún sọ̀ kalẹ̀, ìyókù jẹ́ àyè fún omi. Olùkọ́ wa fi ẹnu abẹ tọ́ka sí àyè yẹn, ó ní, "Ibí ni Müller ti rí ohun tí kò jẹ́ kó sùn." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn tí ẹ kọ ìdajì rẹ̀ yìí.

Johannes Müller ni orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ kò dárúkọ. Berlin ló ti ń kọ́ni, ẹni tó mọṣẹ́ dunjú sì ni. Virchow, tó kọ́ àwọn dókítà pé inú sẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n ti wá ìdí àìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Helmholtz, onímọ̀ físíìsì tó lókìkí, náà bẹ́ẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni Müller fi ń wo àwọn ọmọ tí ìràwọ̀ òkun, kùkúńbà òkun àtàwọn ìbátan wọn máa ń bí, àwọn ọmọ wínníwínní tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó ń léfòó nínú omi òkun. Ẹ ò rí i pé bí ẹnì kan bá wà láyé nígbà náà tó yẹ kó mọ irú ọmọ tí kùkúńbà òkun ń bí, òun ni.

Ní 1851, ó wà ní Trieste, ìlú etíkun tó wà lábẹ́ ọba Ọ́síríà nígbà náà, tó ti di ti Ítálì báyìí. Oríṣi kùkúńbà òkun kan tí wọ́n ń pè ní Synapta digitata ló ń yẹ̀ wò. Ó jọ aràn ju kùkúńbà lọ. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọn ìkọ́ kéékèèké tó rí bí ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi sì wà nínú awọ náà, ìyẹn ló fi máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Béèyàn bá dì í mú, á já ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú díẹ̀ lára wọn, kì í ṣe gbogbo wọn, Müller rí ọ̀pá rírọ̀ kan tó dà bí ìfun adìyẹ. Orí rẹ̀ kan wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìfun Synapta, orí kejì ń fì nínú ikùn. Ẹyin kún inú ọ̀pá náà. Nígbà tó fi máíkírósíkóòpù wo àwọn ẹyin wọ̀nyí, ìgbín ló bá nínú wọn: ìgbín gidi, tó ní ìkarahun tó lọ́ po, tó sì ní ọmọrí tó fi ń dé ẹnu ìkarahun náà.

Ẹ wá wò ó, kí ni kó rò? Ọ̀pá yẹn kò jọ ìgbín níbì kankan. Kò ní ìkarahun, kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Ó so mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ Synapta bí ìwọ́ ṣe ń so ọmọ mọ́ ìyá. Ọdún mẹ́sàn-án péré sì ni Steenstrup, ará Dẹ́nmáàkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀, ní 1842, pé àwọn ẹranko kan wà nínú omi tí ọmọ wọn kì í jọ wọ́n, tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ló máa ń padà jọ ìyá àgbà. Òótọ́ ni Steenstrup sọ. Lẹ́yìn irú ìyẹn, ta ló máa fi ọwọ́ sọ̀yà pé Synapta kò lè bí ìgbín? Müller ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó tiẹ̀ rò ó pé ó lè jẹ́ àfòmọ́, ohun tó wọlé láti ìta tó ń jẹun lára ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Berlin ní 1852, ohun tó kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà ni pé ọ̀rọ̀ lórí Synapta digitata ni, àti lórí bí ìgbín ṣe ń ti inú holotúríà jáde. Holotúríà ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe kùkúńbà òkun. Ó sọ nǹkan náà ní Entoconcha mirabilis, ìkarahun inú tó yani lẹ́nu. Ó kú ní 1858.

Ibẹ̀ ni ìròyìn yín dúró sí. Ẹ mú ohun tó da ọkùnrin yìí láàmù ní 1851, ẹ sọ ọ́ di òótọ́ òní, ẹ sì fi orúkọ Jámánì tì í lẹ́yìn kó lè wúwo.

Àfòmọ́ ni, Olóòtú. Ọ̀pá rírọ̀ yẹn gan-an ni ìyá ìgbín. Nígbà tó kéré ló ní ìkarahun àti ọmọrí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ní in. Ìgbà tó ti ráyè wọ inú ẹlòmíràn, tó rí ibi tí oúnjẹ kò ti wọ́n ọn, ó bọ́ gbogbo ẹrù sílẹ̀: ìkarahun lọ, ojú lọ, ẹsẹ̀ lọ. Ohun tó kù kò ju awọ àti ilé ọmọ lọ. Kò sí àmì kankan mọ́ lára ìyá tí a lè fi mọ̀ pé ìgbín ni, àfi àwọn ọmọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ti inú òkun yìí ní ìwà àfòmọ́, àmọ́ kì í bá gbogbo igi tan: oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní irú kùkúńbà òkun tó ń wọ̀.

Ọmọrí yẹn ló máa ń wù mí jù. Ìgbín oko wa kò ní ọmọrí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á fi omi yíyọ̀ ara rẹ̀ dí ẹnu ìkarahun, omi náà á gbẹ, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ọmọrí, torí bí òjò bá rọ̀ á já a dànù. Ìṣáwùrú ló ní ọmọrí. Ẹ rán ọmọ kan lọ sọ́jà kó ra ìṣáwùrú tó ṣì wà láàyè, ẹ gbé e sínú omi, ẹ dúró kó yọrí, kí ẹ wá fi ìka kàn án: á wọlé, á sì fa ilẹ̀kùn dé, pẹrẹsẹ. Mo ti fi èyí han ọmọ ilé ìwé tí n kò lè kà mọ́. Bí ẹ bá ti kọ pé ìṣáwùrú ni wọ́n bá nínú ẹranko náà, ẹ̀ bá ti sún mọ́ òótọ́ ju bí ẹ ṣe pè é ní ìgbín lọ. Èmi náà ń pè é ní ìgbín nínú lẹ́tà yìí kí àwọn tó ka tiyín lè mọ ohun tí mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún yín, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tí mo kọ́. Kristine Bonnevie ni orúkọ rẹ̀, ará Nọ́wè. Nínú kùkúńbà òkun pupa kan tó wà ní òkun wọn lọ́hùn-ún, ó rí ìbátan Entoconcha, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1902. Ó sọ ọ́ ní Enteroxenos, àlejò inú ìfun. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀. Kò pè é ní ọmọ, àlejò ló pè é. Ní 1912, Bonnevie di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní gbogbo Nọ́wè. Ó wo Enteroxenos fínnífínní: kò ní ìfun tirẹ̀ rárá, gbogbo ara ló fi ń fa oúnjẹ mu. Ó rí ilé ẹyin nínú rẹ̀, ó sì tún rí ẹ̀yà ara tó ń ṣe àtọ̀. Ó wá gbà pé ẹyọ kan náà ló jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo, bí ìgbín oko wa ṣe rí.

Àṣìṣe ni, ọdún tó fi wà nílẹ̀ sì pọ̀. Jørgen Lützen, ará Dẹ́nmáàkì, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1979 tó tú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Bó ṣe rí nìyí. Ọmọ ìgbín wínníwínní kan á bá ẹrẹ̀ wọ ẹnu kùkúńbà òkun, á sì wọ ara ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Èyí á dàgbà, á di ìyá. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ tó já sínú ọ̀fun náà. Bí ọmọ ìgbín mìíràn bá tún bá oúnjẹ wọlé, tó gba ọ̀nà tóóró yẹn, kì í di ìyá mọ́. Inú ìyá ló máa bọ́ sí, á lẹ̀ mọ́ ibì kan níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á yọ́ dànù, yóò ku ibi tó ń ṣe àtọ̀ nìkan. Ohun tí Bonnevie rí tó pè ní ẹ̀yà ara akọ, ọkọ ni. Ọkọ ló ń gbé inú ìyàwó, ìyàwó ń gbé inú ẹlòmíràn.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó pẹ̀lú mi. Müller rí àlejò, ó rò pé ọmọ ni. Bonnevie mọ̀ pé àlejò ni, àmọ́ ó rí ọkọ àlejò, ó rò pé ẹ̀yà ara rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ní ojú, wọ́n ní máíkírósíkóòpù, wọ́n sì ní sùúrù. Ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ náà ni gbogbo wa ti máa ń kọsẹ̀: a bá nǹkan nínú nǹkan, a sì tètè sọ ìbátan tó wà láàárín wọn.

Bí ìyá bá gbó, á já kúrò lára ọ̀fun, á máa léfòó nínú ikùn kùkúńbà òkun, ẹyin kún inú rẹ̀. Báwo ni àwọn ọmọ ṣe máa jáde? Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìfun sọ́kàn nìyẹn. Ọjọ́ tí kùkúńbà òkun bá pọ ìfun rẹ̀ síta, ìyá ìgbín á bá a jáde, àwọn ọmọ á sì bọ́ sínú ẹrẹ̀ tí kùkúńbà òkun mìíràn máa jẹ. Òmíràn tún wà nínú òkun Jàpáàn, tí Ivanov, ará Rọ́ṣíà, fún lórúkọ ní 1945: Parenteroxenos. Ó lè gùn tó mítà kan àti nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, ó ká jọ bí okùn nínú ikùn kùkúńbà òkun tó gbà á sílé. Ní ti gígùn, ìgbín tó jù ú lọ ṣọ̀wọ́n láyé. Ọmọ tó ya àwòrán yẹn kò tíì ga tó o.

Àwọn tó bá fẹ́ mọ bí ìgbín ṣe dé irú ìgbé ayé yìí, kò pọn dandan kí wọ́n gbà á gbọ́ lásán, torí àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà ṣì wà nínú òkun títí di òní. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Melanella. Ìkarahun wọn pé, ó funfun, ó ń dán, ó ṣẹnu ṣóṣó bí abẹ́rẹ́. Ìta ni wọ́n wà, wọ́n kàn ń ki ẹnu gígùn bọ awọ kùkúńbà òkun láti fà á mu ni, bí ẹ̀fọn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Stilifer, ara ìràwọ̀ òkun ni wọ́n ń rì sí, tí awọ ìràwọ̀ òkun á bò wọ́n débi pé díẹ̀ ló máa ń hàn síta. Ìkarahun tiwọn ṣì wà. Ìgbà téèyàn bá wá dé ọ̀dọ̀ Entoconcha, ó ti wọlé pátápátá, kò sì nílò ìkarahun mọ́. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ọ̀nà tí wọ́n gbà láti ìta dé inú. Bí mo ṣe máa ń yà á sójú pátákó nìyẹn, kò sì sí kíláàsì tí kò dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, Ṣágámù ló ti ṣòwò obì. Ọwọ́ mi kì í mọ́ nígbà èwe, àbàwọ́n obì kì í tán níbẹ̀. Èyí tó dán, tí kò lójú ihò kankan, la máa ń ṣà sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́ nínú. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó tú u, a ó bá kòkòrò nínú èyí tí a ti fọwọ́ ara wa yẹ̀ wò. Ìyá mi á ní, "Obì yìí tún ti bí." Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ìyá mi mọ̀ pé obì kì í bí kòkòrò. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé, àmọ́ ẹnì kan ló yín in síbẹ̀ kí obì tó dé ọwọ́ wa.

Ti ẹ̀wà ló yá láti fi han ọmọdé. Ẹ mú ẹ̀wà tó ti ń ní kòkòrò díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà dúdú nínú oòrùn, kí ẹ tẹ̀ ba. Ẹ ó rí àmì funfun róbótó lára àwọn kan, tó kéré ju orí pín-ìnnì lọ, bí ìgbà tí ẹ̀kán ẹ̀kọ kan gbẹ mọ́ ọn. Ẹyin ni. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá pa, kì í jáde sójú ayé rárá. Abẹ́ ẹyin náà ló ti máa lu ihò wọ inú ẹ̀wà lọ, èèpo ẹyin á sì bo ojú ihò náà mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rí ọ̀nà tó gbà wọlé. Ihò tó gbà jáde nìkan là ń rí, róbótó, bí ẹni fi irin lu ú, nígbà tó ti di kòkòrò oníyẹ̀ẹ́. A ó ní ẹ̀wà bí kòkòrò. Bó ṣe ṣe Müller gan-an nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí, n kò tíì sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní 1986, ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti ń kọ́ni. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan jókòó ní ìlà kejì sójú fèrèsé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, ó máa ń fa ìlà sí abẹ́ àkọlé lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ó dìde láìtọrọ àyè, ó sì bì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Aràn kan jáde pẹ̀lú èébì náà. Ó funfun, ó pọ́n díẹ̀, ó ṣẹnu ṣóṣó ní orí méjèèjì, ó sì ń yí. Rúlà onígi mi wà nílẹ̀ níbẹ̀, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Gbogbo kíláàsì sá jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ náà fi ẹnu bí ejò.

Aràn inú lásán ni. Kò sí ọmọ ilé ìwé kan ní ìlú wa nígbà náà tí kò lè ní in. Ẹyin rẹ̀ máa ń wà nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ èèyàn ti bà jẹ́, ọmọ á fọwọ́ kan ilẹ̀, á fọwọ́ náà jẹun, ẹyin á sì bá oúnjẹ wọlé. Àlejò ni. Mo mọ èyí lọ́jọ́ náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó lọ sílé wọn. Ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́ ẹni tuntun ní ìlú náà, mo sì rò pé àwọn àgbà ilé ìwé á sọ̀rọ̀. Ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ kí ìyókù ejò lè jáde. Ọmọ tí aràn ń jẹ oúnjẹ mọ́ lẹ́nu, ààwẹ̀ ni wọ́n tún fún un. Mo bẹ ìyá rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó tó jẹ́ kí a gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn aràn tí wọ́n fún un kò ju ẹyọ mélòó kan lọ, ara rẹ̀ sì yá.

Ó padà sí kíláàsì, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó tì í mọ́. Àwọn ọmọ á gbé àga wọn sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi á ní kí wọ́n gbé e padà, wọ́n á gbé e padà, bí mo bá kọjú sí pátákó wọ́n á tún sún un. Kí sáà kẹta tó parí, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ibòmíràn. N kò rí i mọ́ títí dòní.

Olóòtú, ẹ mọ iye ìgbà tí ẹ̀yin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti kọ ọ́ pé obìnrin báyìí bí ejò, pé ọmọbìnrin báyìí bí àkèré. Obìnrin tó wà nínú ìròyìn náà ní ilé tó ń padà sí tí àwọn aládùúgbò bá ti kà á tán. Bí a bá wá gbé kùkúńbà òkun síwájú, tí a ní àní ẹranko tí kì í ṣe èèyàn pàápàá ń bí ohun tí kì í ṣe irú rẹ̀, àti pé òyìnbó ti jẹ́rìí sí i, ohun tí a gbé lé àwọn aládùúgbò yẹn lọ́wọ́ ni pàṣán. Nígbà tí mo ka ojú ewé yín, ìlà kejì sójú fèrèsé ni ojú mi lọ.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìròyìn náà kọ, ní ojú ewé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi tó ti àkọ́kọ́, kí ẹ sọ pé ìgbín inú kùkúńbà òkun kì í ṣe ọmọ rẹ̀, àfòmọ́ tó wọlé láti ìta ni, àti pé ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì sọ pé kùkúńbà òkun kì í ṣe èso. Ìkejì, bí ìròyìn bá tún wọlé sọ́dọ̀ yín pé ẹnì kan bí ohun tí kì í ṣe èèyàn, ẹ pe títíṣà kan tàbí nọ́ọ̀sì kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. A pọ̀ nílùú. A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ní ti àwọn ọmọ mi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, n kò ya ojú ewé yín dànù nínú ìwé ọmọ yẹn. Mo ní kó fi sílẹ̀ kó má sì nù ún. A ti gbé ìgò méjì sójú fèrèsé mi. Ẹ̀wà tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn, tí kò ní àmì funfun kankan, tí kò sì lójú ihò, ló wà nínú ọ̀kan; èyí tó ní àmì funfun ló wà nínú ìkejì. A fi aṣọ fẹ́lẹ́ dè wọ́n lẹ́nu kí atẹ́gùn lè wọlé, wọ́n sì kọ déètì sára wọn. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ohun tó bá máa jáde á ti jáde. Ọmọ tó ya àwòrán ló ń tọ́jú ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, òun náà ló sì máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín nígbà tí oṣù bá pé.

Èmi ni,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.